Ọ̀gá Pátápátá àti Méjìdínlógójì Rẹ̀

Àwa yòókù a máa wọ ibi iṣẹ́. Ọ̀gá Pátápátá ní tirẹ̀, ńṣe ló máa ń gúnlẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Akọ̀wé rẹ̀ á gbé àpò rẹ̀ ṣíwájú, á ṣí ilẹ̀kùn, á sì ké pé, "Ẹ dìde!" Bí èèyàn bá wà nínú yàrá, wọn a dìde. Bí kò bá sí ẹnì kankan, Akọ̀wé á ṣì ké e, nítorí Ọ̀gá ti sọ pé àga pàápàá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀.

Olórí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera agbègbè ni. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Lẹ́tà ló fi gun òkè. Ó mọ lẹ́tà kọ débi pé bó bá fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, ìkíni ọ̀hún á ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kókó mẹ́ta, àti àdúrà ìparí. Tíì ẹni tó ń kí á ti tutù kí wọ́n tó ṣe àmín.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò bá a ṣọ̀tá o. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ, mo sì ti bu iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ṣe Ọjọ́ Oògùn Aràn. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá, wọn á gbé oògùn aràn mì níwájú àwọn ọmọ iléèwé, kí àwọn ọmọ lè rí i pé kò pani. Ọ̀gá ló máa ń ṣíwájú. Á gbé hóró oògùn kan sókè, á sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, á sọ ọ́ sẹ́nu, ayàwòrán á sì ya fótò. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ á mú un. Á mú háńkáṣíìfù funfun jáde, á wúkọ́ sínú rẹ̀, á ká a, á tì í bọ àpò. Ọdún méje ló fi wúkọ́ báyìí. Akọ̀wé nìkan ló mọ ohun tó wà nínú háńkáṣíìfù.

"Aràn," ni Ọ̀gá máa ń sọ fún un nínú mọ́tò, "kì í ṣe àìsàn ẹni tó ní dírẹ́bà."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀, sà. Aràn wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ní báyìí, ẹ fọkàn sí ohun méjì yìí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti yọ̀. Èkíní, Ọ̀gá máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rin orí koríko ẹ̀yìn ọ́fíìsì ní gbogbo ìdájí. Ó ní ìrì ló ń jẹ́ kí ẹni ńlá pẹ́ láyé, ó tiẹ̀ tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí rẹ̀, a sì fi dandan rà á. Èkejì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn, Ọ̀gá ti fi àgádágodo tì í pa. Ó ní àwọn àlejò láti olú ilé-iṣẹ́ ló wà fún. Ọdún mẹ́ta ni àlejò kankan ò fi dé. Bàbá Olóòdòdó, tó ń tọ́jú ọgbà náà, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà ní ikùn bíi ti gbogbo ẹ̀dá. Ẹ gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ara Ọ̀gá kò le mọ́. Ẹsẹ̀ ń yún un, inú ń run ún, bó bá gun àtẹ̀gùn méjì á dúró bíi pé ó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ojú rẹ̀ funfun. Akọ̀wé ní àwọ̀ ipò gíga nìyẹn. Ìyàwó Ọ̀gá ò gbà. "Baálé mi, bó bá jẹ́ ipò gíga ló ń ṣe yín, ipò náà fẹ́ pa yín. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

Bí Ọ̀gá ṣe gúnlẹ̀ sí láàbù nìyẹn.

Màmá Onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi jókòó sídìí tábìlì kan náà lẹ́bàá fèrèsé, tó ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pélébé pélébé. Oṣù mọ́kànlá péré ló kù kó fẹ̀yìntì. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń tọrọ: kó lo oṣù mọ́kànlá náà tán nídìí tábìlì yẹn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo maikiroskóòpù lọ́jọ́ ìkẹyìn, kó máa lọ ilé.

Ó gún Ọ̀gá níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi gíláàsì kejì fà á tẹ́ẹ́rẹ́, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó da aró sí i, ó ṣọ́ aago, ó fi omi ṣàn án, ó sì tẹjú mọ́ maikiroskóòpù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ ìkànyè kékeré, kẹ́kẹ́kẹ́. Ó ka sẹ́ẹ̀lì funfun ọgọ́rùn-ún. Ó gbé gíláàsì kúrò, ó nu ojú awò, ó tún un kà.

"Ẹ rọra jókòó, sà. Àwọn kan pọ̀ jù níbí."

"Àwọn wo?"

"Asidofíìlì là ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tó máa ń fa aró tó ní ásíìdì mọ́ra ni. A máa ń da aró pupa àti aró búlúù pọ̀ sórí ẹ̀jẹ̀, oníkálukú á sì mú èyí tó bá a lára mu. Àwọn tó bá mu aró pupa, tó ní ásíìdì, la fún ní orúkọ yẹn. Aró tí wọ́n ń mu ni orúkọ náà ń sọ, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀ báyìí..."

"Mélòó ni tàwọn èèyàn lásán?"

"Ọ̀kan, sà. Méjì. Mẹ́rin nígbà míì."

"Tèmi ńkọ́?"

"Méjìdínlógójì."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi wo ojú Ọ̀gá! Ẹni tó wọ́ ẹsẹ̀ wọlé dìde dúró. Ó na àyà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, kò kàn tíì rí ẹni tó máa kà á fún un ni.

"Méjìdínlógójì!" ni Akọ̀wé ké. "Sà, ẹ̀jẹ̀ yín ti gba ìgbéga ṣáájú yín!"

"Sà, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi," ni Màmá Onígíláàsì wí. "Ohun tó ń fa irú èyí..."

"Màmá, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó kọ nọ́ńbà náà, ó sì kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ka nọ́ńbà. Akọ̀wé gbé ìwé lọ bá káfíńtà, káfíńtà sì kan férémù onípákó fífẹ̀ sí i. Pákó náà fẹ̀ débi pé ó bo ìlà ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé, lókè àga Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà ìkéde jáde. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, ó sì gùn tó ojú ìwé mẹ́rin. Èmi á gé e kúrú fún yín. Láti òní lọ, ó ní, asidofíìlì la ó fi máa mọ ẹni tó tóótun ní ilé-iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní ju ogún lọ, yàrá tirẹ̀ ló máa gbà. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá sókè, àga ọlọ́wọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé márùn-ún, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó lọ jókòó sí sítọ́ọ̀ láàárín páálí òfìfo, ẹnikẹ́ni yòówù kó jẹ́.

Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìlera ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìlera wá di ẹ̀ṣẹ̀.

Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ọ̀dọ́ dókítà tó ń tọ́jú aláboyún ní méjì, sítọ́ọ̀. Olórí nọ́ọ̀sì ní mẹ́ta, sítọ́ọ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé lẹ́tà kiri, tí ikọ́ fée ti ń dà láàmú láti kékeré, ní mẹ́rìnlá, wọ́n sì gbé àga ọlọ́wọ́ fún un. Ó ń mí fée fée lórí rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe. Bàbá Olóòdòdó, tí kì í wọ bàtà nínú ọgbà, ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n sọ ọ́ di Igbákejì Ọ̀gá. Ó jókòó sínú yàrá atẹ́gùn tútù pẹ̀lú àdá rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló bi ẹni tó gbé fáìlì wá, "ta ló ń bomi rin òdòdó?"

Àwọn tó kù ò jókòó tẹtẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ásíìdì ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọsàn wẹ́wẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, títí eyín fi kan gbogbo wọn. Akọ̀wé mu ogún lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Méjì ló ní, méjì ló ń ní, tábìlì rẹ̀ náà sì ti wà ní sítọ́ọ̀. Ó yọ́ wọ láàbù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin màmá wa, ẹ fi ojú àánú wò mí. Ẹ jẹ́ kí gíláàsì mi pẹ́ díẹ̀ nínú aró pupa."

"Akọ̀wé, bó ti wù kí n rẹ ẹ́ tó, kò ní di ohun tí kò jẹ́."

"Ẹ kàn gbìyànjú, mà."

Ó gbìyànjú. Ó rẹ ẹ́ títí ó fi gbàgbé ibi tó fi í sí. Nígbà tó wò ó, gbogbo rẹ̀ ti pupa yòò, kò sí ohun téèyàn lè kà níbẹ̀. Ó ní kí Akọ̀wé fojú ara rẹ̀ wò ó. Akọ̀wé wò ó títí, ó ní òun rí ọgọ́rùn-ún. "Ó dáa," ni Màmá Onígíláàsì wí, "kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ lo kà á." Akọ̀wé rọra jáde.

Tirẹ̀ ńkọ́, Màmá fúnra rẹ̀? Ó ti kà á. Ọ̀kan ni. Kò fi pamọ́.

Nígbà náà ni ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ń bọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá Ọ̀gá tó ẹni tí wọ́n lè fi ṣe olórí gbogbo agbègbè pátá. Ara Ọ̀gá kò rọgbọ rárá báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fò. Ó ránṣẹ́ pe Màmá Onígíláàsì.

"Màmá, mo gbọ́ pé ọ̀kan lẹ ní. Ó ṣeni láàánú. Òfin ò mọ àgbà. Lọ́la lẹ máa lọ sí sítọ́ọ̀."

"Mo gbọ́, sà."

"Àyàfi." Ọ̀gá fara ti àga. "Méjìdínlógójì dára, ṣùgbọ́n ó ń dún ségesège létí. Ọgọ́ta dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ọgọ́ta fún mi, ẹ máa lo oṣù mọ́kànlá yín nídìí tábìlì yín, mi ò ní yọ yín lẹ́nu."

Màmá Onígíláàsì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn dùn ún. Ó mọ bí oòrùn ṣe ń yí lórí rẹ̀ láti ìdí ìgò aró dé ìdí agolo òwú. Ṣùgbọ́n ó tún wo ètè Ọ̀gá, tó ti funfun bí ẹfun, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju òun lọ pé ọkùnrin yìí ń ṣàìsàn.

"Sà, mi ò lè ka ohun tí mi ò rí. Èyí tí mo rí gan-an ti pọ̀ fún yín. Ẹ bá mi ka ìsàlẹ̀ ìwé yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń tán lára yín."

"Ẹ̀jẹ̀ tó ní méjìdínlógójì ló ń tán? Akọ̀wé! Ẹ bá Màmá gbé ẹrù wọn."

Wọ́n gbé e. Fìlà òjò rẹ̀, ìgò omi rẹ̀, àti tìmùtìmù tó máa ń fi sẹ́yìn. Ó jókòó sórí páálí ní sítọ́ọ̀, láàárín dókítà aláboyún àti olórí nọ́ọ̀sì. Orí páálí náà ni dókítà ti ń gba àwọn aláboyún lálejò.

Ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ kẹrin. Dókítà Àgbà kan ló ṣáájú wọn, obìnrin kúkúrú tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti pa iná, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ ju àwòrán ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá sára ògiri. Ó tóbi gbàgàdà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mu aró pupa kún inú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ dìde!" ni Akọ̀wé ké. Ọ̀gá wọlé, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ló bẹ̀rẹ̀, "àwọn kan á fi ẹnu sọ pé àwọn tóótun. Àwọn kan á fi ìwé ẹ̀rí sọ ọ́. Èmi, ẹ̀jẹ̀ mi ló ń bá mi sọ ọ́! Ẹ wò ó! Àwọn tí ẹ ń wò yìí, asidofíìlì ni wọ́n. Pupa! Àwọ̀ àṣẹ! Níbi tí ẹlòmíì ti ní ọ̀kan, èmi ní méjìdínlógójì! Agbègbè kan ṣoṣo kò lè gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Eyín ṣì ń kan wọ́n.

Dókítà Àgbà dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó wò ó títí. Ó wá yíjú padà.

"Ta ló ni ẹ̀jẹ̀ yìí?"

"Èmi ni!" Ohùn Ọ̀gá dún dé àgbàlá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni obìnrin náà wí.

Ọ̀gá rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó ti tó ìgbà wo tí inú ti ń run yín? Ẹsẹ̀ yín ń yún yín? Ta ló ka èyí, kí ló sì ní kí ẹ ṣe?"

"Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lókè yìí!" ni Akọ̀wé wí, ó sì já férémù kúrò lára ògiri tìdùnnú-tìdùnnú. Dókítà Àgbà gbà á, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ìwé yọ, ó sì fi lé Akọ̀wé lọ́wọ́ pé kó kà á síta. Ohùn kan ṣoṣo ni Akọ̀wé ní fún ìkéde, ohùn náà ló sì fi kà á, àyà síwájú, kó tó mọ ohun tó ń kà:

"Asidofíìlì, méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún! Ó pọ̀ jù! Àpẹẹrẹ aràn ni! Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tètè yẹ ìgbẹ́ Ọ̀gá wò!"

Ó dé "ìgbẹ́" kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́, ó ti di ẹyin. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Bàbá Olóòdòdó, Igbákejì, nawọ́ sókè: ṣé èyí túmọ̀ sí pé òun náà...? "Ẹ̀yin náà, bàbá," ni Dókítà Àgbà wí. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà?" Bàbá Olóòdòdó nawọ́ sí àgádágodo láti ojú fèrèsé. Dókítà Àgbà wo àgádágodo, ó wo koríko, ó wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá. Ó ti rí ọ̀nà tí aràn fi ń gba ẹsẹ̀ wọlé.

Wọ́n lọ mú Màmá Onígíláàsì wá láti sítọ́ọ̀. Wọ́n fún Ọ̀gá ní ike kékeré kan tó ní ìdérí. Ó lọ, ó bọ̀. Akọ̀wé ló gbé ike náà lọ sí láàbù, àṣà sì burú: bó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ké pé, "Ẹ dìde!"

Gbogbo wa dìde.

Ẹyin aràn wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọn ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n gbé oògùn wá fún Ọ̀gá ní àgbàlá, níbi tó ti wúkọ́ fún ọdún méje. Ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ikọ́ fẹ́ mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí àpò háńkáṣíìfù nígbà tí Màmá Onígíláàsì na ife omi sí i.

"Ẹ mu ún, sà. Ẹ wá la ẹnu."

Ó mu ún. Ó la ẹnu, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Màmá yọjú wo ibẹ̀ dáadáa, lápá òsì, lápá ọ̀tún, lábẹ́ ahọ́n. "Ó ti lọ," ló wí.

Ipò ńlá ọ̀hún, ẹlòmíì ni wọ́n fún. Dókítà aláboyún padà sí yàrá rẹ̀, ọlọ́kadà rí oògùn ikọ́ fée gbà, nítorí ikọ́ yẹn náà máa ń mú asidofíìlì pọ̀, Bàbá Olóòdòdó sì bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kó padà sídìí òdòdó. Òun ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún. Ní ti lẹ́tà ìkéde, Dókítà Àgbà kò fà á ya. "A máa lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i," ló wí, "fún ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá wá sí láàbù fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó ṣíwájú rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ètè rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ tó yẹ kó ní. Ó jókòó, ó na ìka. Màmá Onígíláàsì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́, oòrùn wà lórí tábìlì láàárín ìgò aró àti agolo òwú.

"Mélòó ni, Màmá?"

"Méjì, sà."

Ọ̀gá wo ọ̀nà sítọ́ọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, láìsí kókó mẹ́ta.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi wá mẹ́ta péré sí i."

Màmá Onígíláàsì kì í ṣe òǹrorò. Ó nu ojú awò, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì tún gbogbo ọgọ́rùn-ún kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè.

"Méjì náà ni, sà. Ẹ kú oríire, ara yín ti yá."